Ìwé Tó Wà Nínú Gbogbo Áàpù, àti Bí A Ṣe Ń Kà Á Kí Áàpù Tó Dé Orí Fóònù

Ní Adébáyọ̀ àti ní àwọn àdúgbò Adó-Èkìtì míì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, kì í ṣe Play Store nìkan ni áàpù ti ń wọ fóònù. Ẹnìkan á fi Xender ta á sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹlòmíì á gbà á lórí Telegram, ẹni tó ń tún fóònù ṣe á kó bíi mélòó kan sórí káàdì fún oníbàárà. Dátà wọ́n, fáìlì tó ti wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kò sì ná èèyàn ní kọ́bọ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí èyí. Ohun tó ń ká mi lára ni pé orúkọ àti àwòrán tó wà lójú áàpù ni ọ̀pọ̀ wa fi ń dá a mọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ló rọrùn jù lọ fún ọ̀bàyéjẹ́ láti fara wé.

Inú gbogbo áàpù Android ni ìwé kan wà tó sọ orúkọ tí Android fi mọ̀ ọ́n, ẹ̀dà tó jẹ́, irú fóònù tó lè gbé e, àti ohun tí yóò bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni fóònù. A lè ka ìwé yìí kí áàpù náà tó dé orí fóònù rárá. Láíbìrì kóòdù ló ń bá wa kà á, ìyẹn kóòdù tí àwọn kan ti kọ sílẹ̀ tí wọ́n sì ti dán wò, tí ẹni tó ń ṣe ètò tirẹ̀ lè mú lò láì tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìpìlẹ̀.

Àpò tí a ń pè ní APK

Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .apk ni Xender máa ń gbé kiri. Àpò zip ni, irú èyí tí a fi ń di fọ́tò tàbí ìwé iṣẹ́ pọ̀ ká tó fi íméèlì ránṣẹ́. Phil Katz, ará Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀nà ìdìpọ̀ yìí jáde ní 1989, àwọn lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ méjèèjì, P àti K, sì ni a ṣì ń bá ní ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì zip títí dòní. Bí ẹ bá yí .apk padà sí .zip lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ sì ṣí i, ẹ ó bá classes.dex níbẹ̀, níbi tí kóòdù áàpù gan-an wà. Ẹ ó bá fódà res, tó kó àwòrán àti ìrísí ojú áàpù, àti resources.arsc, tábìlì tí a to àwọn ọ̀rọ̀ àti àwọ̀ sí. Ẹ ó bá META-INF, níbi tí òǹtẹ̀ máa ń wà, àti AndroidManifest.xml.

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ìwé tí mo ń sọ. Ẹni tó bá ti gba ẹrù wébìlì láti Èkó rí ní gáréèjì Adó mọ bó ṣe ń rí: ìwé kan máa ń bá ẹrù rìn, tó sọ ẹni tó fi ránṣẹ́, ẹni tí yóò gbà á àti ohun tó wà nínú àpò. Akọ̀wé gáréèjì á ti ka ìwé yẹn kó tó fọwọ́ kan okùn. Android náà kì í gbé áàpù kankan láì kọ́kọ́ ka AndroidManifest.xml, ohun tí áàpù bá sì yọ kúrò níbẹ̀, kò ní rí i gbà. Áàpù tí kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun fẹ́ ka nọ́ńbà àwọn èèyàn inú fóònù kò lè kó àwọn nọ́ńbà náà, bó ti wù kó gbọ́n tó.

Àwọn kan gbà pé ẹni tó bá ṣí APK láti wo inú rẹ̀ ti tú kòkòrò inú rẹ̀ sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kóòdù inú classes.dex kì í dá ṣiṣẹ́. Android ló ń pè é dìde, lẹ́yìn tí a bá ti gbé áàpù sórí fóònù. Láíbìrì tó ń ka ìwé kì í pe kóòdù náà rárá. Ó ń wo báìtì, ó ń túmọ̀ wọn, ó sì ń dá èsì padà. Orí kọ̀ǹpútà Windows tàbí Linux ló sábà ti ń ṣe é, níbi tí áàpù Android kò ti lè ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Ìdí tí ojú lásán kò fi lè kà á

Ẹni tó bá fi Notepad ṣí AndroidManifest.xml látinú APK yóò bá àmì wúruwùru pàdé. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé wọ́n ti tì í pa ni, tàbí pé ẹni tó ṣe áàpù ní ohun tó ń fi pamọ́. Kò sẹ́ni tó tì í. Nígbà tí wọ́n ń kọ áàpù náà, ọ̀rọ̀ lásán tó ṣeé kà ni, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ Google kan tó ń jẹ́ aapt máa ń sọ ọ́ di báìtì kí fóònù lè tètè kà á, kó má sì gba àyè. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni a kó sí ojú kan ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ìyókù fáìlì náà kàn ń tọ́ka sí àwọn nọ́ńbà yẹn ni. Bí ọ̀rọ̀ kan bá tilẹ̀ jẹ yọ nígbà ogún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Orúkọ tí a ń rí lábẹ́ àwòrán áàpù tún jìnnà ju ìyẹn lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà kò sí nínú ìwé náà rárá. Nọ́ńbà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x7f ló dúró ní àyè rẹ̀, tó ń wí fún òǹkàwé pé kó lọ wò ó nínú resources.arsc. Nínú tábìlì yẹn, orúkọ kan náà lè wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Yorùbá, bí ẹni tó ṣe áàpù bá ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà áàpù kan lè jẹ́ orúkọ kan lórí fóònù ní Adó, kó jẹ́ òmíràn lórí fóònù tí wọ́n ṣètò sí Faransé ní Kútọnu, kò sì sí irọ́ nínú ọ̀kankan. Àmọ́ ó yẹ kí èyí fi hàn wá pé orúkọ ojú kò tó ohun tí a fi ń dá áàpù mọ̀.

Bí láíbìrì ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà

Ìdí fáìlì ni láíbìrì ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí. Ìparí fáìlì ni ọ̀nà ìdìpọ̀ zip ń fi àtọ́ka sí, èyí tó sọ ohun gbogbo tó wà nínú àpò àti báìtì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Àǹfààní kan wà nínú èyí fún àwa tí dátà ń dùn. Bí sáfà tí APK wà bá gbà kí a mú apá kan fáìlì, ètò tí wọ́n kọ dáadáa lè ka àtọ́ka láti ìdí, kó mọ ibi tí ìwé náà wà, kó sì mú ibẹ̀ nìkan wá. Áàpù tó tó ọgọ́rùn-ún mẹ́gábáìtì lè tipa bẹ́ẹ̀ sọ ẹni tó jẹ́ fún wa pẹ̀lú dátà tí kò tó ti fọ́tò kan.

Lẹ́yìn àtọ́ka, láíbìrì á fa AndroidManifest.xml yọ, á to àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀, á wá máa fi nọ́ńbà bá ọ̀rọ̀ mu títí ìwé náà yóò fi ṣeé kà. Ibi tó bá ti rí 0x7f, ó di dandan kó wọ resources.arsc lọ. Àwòrán ojú áàpù tún ní wàhálà tirẹ̀: láti Android 8.0 ní 2017, ọ̀pọ̀ áàpù kì í fi fọ́tò kan ṣoṣo ṣe àwòrán ojú mọ́. Fáìlì tó ń ṣàpèjúwe bí wọn yóò ṣe to ìpele méjì léra ni wọ́n ń lò, nítorí náà láíbìrì àtijọ́ tó ń wá fọ́tò lè padà wá lọ́wọ́ òfo.

Androguard, tí wọ́n fi Python kọ, tí Anthony Desnos sì bẹ̀rẹ̀, wà lára àwọn láíbìrì tó gbajúmọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹni tó mọ Python díẹ̀ lè fún un ní APK kan, kó fi get_package bèèrè orúkọ rẹ̀, kó sì fi get_permissions bèèrè àwọn àṣẹ tó ń fẹ́. F-Droid, ilé áàpù ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ń lò ó. Exodus Privacy, ẹgbẹ́ kan ní Faransé tó ń yẹ áàpù wò fún gbogbo ayé, ń lò ó pẹ̀lú. Ẹni tí kò fẹ́ kọ kóòdù rárá lè lo aapt fúnra rẹ̀, kó tẹ aapt dump badging àti orúkọ fáìlì náà, èsì á jáde lójú ẹsẹ̀.

Orúkọ àpò ló máa ń ṣáájú nínú èsì. Bí àdírẹ́sì ìkànnì tí a dorí rẹ̀ kodò ló rí: WhatsApp gan-an ni com.whatsapp, GBWhatsApp tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn sì ni com.gbwhatsapp. Lójú, àwọn méjèèjì jọra. Nínú ìwé, wọn kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà. Ẹ̀yìn èyí ni ẹ̀dà. VersionName jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ṣe áàpù lè kọ bó ti wù ú, versionCode sì jẹ́ nọ́ńbà tí Android fi ń mọ èyí tó jẹ́ tuntun. Bí ẹnìkan bá fi "ẹ̀dà tuntun" ránṣẹ́ sí yín, versionCode ni kí ẹ wò.

Àṣẹ: ohun tí áàpù owó yíyá kọ́ wa

Apá tó yẹ kí gbogbo àgbàlagbà mọ̀ nìyí. Fún ọdún mélòó kan, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n yá owó táṣẹ́rẹ́ lórí áàpù, tí wọn kò rí i san lọ́jọ́ tó yẹ, rí ìtìjú tí wọn kò fojú sọ́nà fún. Àwọn ayánilówó náà ránṣẹ́ sí àna wọn, sí pásítọ̀ wọn, sí ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní olè. Báwo ni wọ́n ṣe rí nọ́ńbà àna? Ìlà kan ni: android.permission.READ_CONTACTS. Inú ìwé náà ni ìlà yẹn wà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni tó ní láíbìrì ì bá sì ti kà á kó tó yá kọ́bọ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ilé iṣẹ́ ayánilówó kan, Soko Lending Company, lórí. Lára ohun tí àjọ náà sọ pé òun rí ni pé ilé iṣẹ́ náà fi kóòdù ìtọpinpin sínú áàpù rẹ̀, tó ń pín ìròyìn àwọn oníbàárà fún ẹlòmíì láì sọ fún wọn. Irú kóòdù bẹ́ẹ̀ kò sí lára ohun tí AndroidManifest.xml gbọ́dọ̀ kéde, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ máa ń wà nínú classes.dex, Androguard sì lè to àwọn orúkọ ibẹ̀ jáde pẹ̀lú. Bí Exodus Privacy ṣe ń mọ àwọn atọpinpin inú áàpù nìyẹn: ó ń fi orúkọ tó bá níbẹ̀ wé àtòkọ àwọn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní 2022, àjọ FCCPC tó ń gbèjà àwọn oníbàárà gbé ìlànà jáde fún àwọn tó ń yáni lówó lórí áàpù. Láti ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2023, Google ní kí irú áàpù bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà mú ìwé àṣẹ FCCPC wá kó tó dúró lórí Play Store. Láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún yẹn, Google fòfin de áàpù owó yíyá kó má ṣe bèèrè nọ́ńbà àwọn èèyàn inú fóònù àti fọ́tò wọn mọ́, níbikíbi láyé. Ẹ wo ohun tí èyí sọ àyẹ̀wò wa dà. Bí ẹnìkan bá fi áàpù owó yíyá ránṣẹ́ sí yín lónìí lórí Telegram, tí láíbìrì sì bá READ_CONTACTS nínú rẹ̀, a ti mọ̀ láìsí àníàní pé kì í ṣe ohun tí òfin Play Store gbà láàyè. Bóyá ẹ̀dà àtijọ́ ni, bóyá àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún Play Store ló ṣe é. Èmi kò ní gbé e sórí fóònù mi.

Àmọ́ kí a má ṣi àṣẹ lóye. READ_CONTACTS wà nínú WhatsApp náà, torí pé kò lè fi ọ̀rẹ́ yín hàn yín láìsí i. Ohun tó yẹ ká bèèrè ni pé kí ni iṣẹ́ áàpù yìí, ṣé àṣẹ yìí sì bá iṣẹ́ náà mu? Tọ́ọ̀ṣì kò ní ohun tó ń fi nọ́ńbà àna yín ṣe. Ìkejì, pé áàpù kọ àṣẹ sínú ìwé kò túmọ̀ sí pé ó ti gbà á. Láti Android 6.0 ní 2015, ó gbọ́dọ̀ bèèrè lọ́wọ́ yín nígbà tó bá fẹ́ lo àwọn àṣẹ tó léwu, ẹ sì lè kọ̀.

Ibí ni ìlà kan tí ọ̀pọ̀ máa ń fò ti ṣe pàtàkì: targetSdkVersion. Nọ́ńbà yìí ń sọ irú Android tí wọ́n ṣe áàpù náà fún. Bí kò bá tó 23, Android á gbà pé áàpù láti ìgbà tó ṣáájú 2015 ni, á sì fi òfin àtijọ́ bá a lò, níbi tí gbogbo àṣẹ ti ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ bá ti tẹ Install. Àwọn tó ń ṣe áàpù burúkú mọ èyí, wọ́n a sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ 22 síbẹ̀. Android 14, tó jáde ní 2023, kì í gba áàpù tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tó 23 mọ́, ṣùgbọ́n fóònù tí kò tíì dé Android 14 kò ní dí i lọ́wọ́. Áàpù tuntun tó ń jẹ́ 22, tó sì ń fẹ́ àwọn nọ́ńbà inú fóònù yín àti ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ yín, ẹ jìnnà sí i.

Òǹtẹ̀

Gbogbo ohun tí a ti kà títí dìsinsìnyí, ẹnu áàpù fúnra rẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ. Kò sí ohun tó ní kí ọ̀bàyéjẹ́ má kọ com.whatsapp sínú ìwé tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè fara wé ni òǹtẹ̀, nítorí kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń lù ú.

Ẹ ti rí iṣẹ́ òǹtẹ̀ rí láì mọ̀. Bí WhatsApp bá wà lórí fóònù yín, tí ẹnìkan wá fún yín ní APK mìíràn tó ń jẹ́ com.whatsapp ṣùgbọ́n tí òǹtẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀, fóònù á kọ̀ ọ́ pẹ̀lú "App not installed". Àwọn èèyàn a máa bínú sí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n á yọ WhatsApp ti tẹ́lẹ̀ kúrò kí tuntun lè wọlé. Fóònù gbìyànjú láti gbà wọ́n sílẹ̀ ni, àwọn fúnra wọn ló ṣí ìlẹ̀kùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Kaspersky kéde pé àwọn rí kòkòrò Triada nínú ẹ̀dà FMWhatsApp kan, ọ̀kan lára àwọn WhatsApp tí ẹlòmíì tún ṣe.

Pé áàpù ní òǹtẹ̀ kò sọ ọ́ di ohun rere. Kò sí ìjọba tàbí àjọ tó ń fọwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni lè ṣe òǹtẹ̀ tirẹ̀ nílé, kó sì kọ orúkọ tó bá wù ú sínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti báńkì. Ìfiwéra nìkan ló ń mú kó wúlò. Láíbìrì á fún yín ní àmì SHA-256 òǹtẹ̀ náà, lẹ́tà àti nọ́ńbà 64. Ẹ ó fi wé ti áàpù kan náà tí ẹ gbà láti Play Store, tàbí ti ìkànnì ẹni tó ṣe é. Áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ Signal, fún àpẹẹrẹ, kọ tirẹ̀ síta fún gbogbo èèyàn. Bí ọ̀kan péré bá yàtọ̀ nínú 64, kọ́kọ́rọ́ mìíràn ni wọ́n fi lu òǹtẹ̀ náà.

Ibi tí òǹtẹ̀ wà ti yí padà, ó sì yẹ kí láíbìrì mọ̀. Tẹ́lẹ̀, META-INF nìkan ni. Láti Android 7.0 ní 2016, ó lè wà láàárín ohun inú àpò àti àtọ́ka ìdí rẹ̀, níbi tí àmì "APK Sig Block 42" ń fi í hàn. Láíbìrì tó mọ META-INF nìkan lè sọ pé áàpù tó ní òǹtẹ̀ kò ní.

Nígbà tí òǹkàwé méjì kò bára mu

Ní oṣù keje ọdún 2013, ilé iṣẹ́ Bluebox fi hàn pé a lè fi fáìlì méjì tó jẹ́ orúkọ kan náà sínú APK kan. Apá Android tó ń yẹ òǹtẹ̀ wò ka ọ̀kan, apá tó ń gbé áàpù sórí fóònù ka èkejì. Òǹtẹ̀ dára, kóòdù ti yàtọ̀. Àléébù yìí ti wà láti Android 1.6, Google sì ti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kò tíì kúrò nílẹ̀: ní 2023, ilé iṣẹ́ Zimperium ròyìn APK tó lé ní 3,300 tí wọ́n kọ ọ̀nà ìfúnpọ̀ tí kò sí níbì kankan sínú àtọ́ka wọn, kí láíbìrì lè kọsẹ̀. Díẹ̀ lára wọn, Android fúnra rẹ̀ gbé wọn láì ráhùn. Nítorí náà láíbìrì tó dára gbọ́dọ̀ ka àpò bí Android ṣe ń kà á gan-an, kì í ṣe bí ìwé ìlànà zip ti wí. Bó bá sì sọ fún yín pé òun kò lè ka APK kan, ẹ má fojú fo ìyẹn. Áàpù gidi kì í sábà ní ìdí tí yóò fi ba àtọ́ka ara rẹ̀ jẹ́.

Fún àwọn oní-iPhone, fáìlì .ipa náà jẹ́ zip, Info.plist ni ìwé tirẹ̀, CFBundleIdentifier sì ni orúkọ tí ètò fi mọ̀ ọ́n. Ní ti Android, láti oṣù kẹjọ ọdún 2021, áàpù tuntun kì í wọ Play Store ní APK mọ́ bí kò ṣe ní AAB, tí ìwé inú rẹ̀ ní ìṣètò tirẹ̀. Google ló ń fa APK yọ nínú rẹ̀ fún fóònù kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí áàpù tí a fi Xender ránṣẹ́ nígbà míì fi jẹ́ fáìlì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ọ̀kan nínú wọn nìkan kì í sì í ṣiṣẹ́.

Ohun kan ṣì kù tí láíbìrì kò lè rí: kóòdù tí áàpù yóò wá sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti dé orí fóònù. Ìwé rẹ̀ lè mọ́ lónìí, kó lọ mú ẹlòmíì wọlé lọ́la. Síbẹ̀, áàpù tí wọ́n ṣe fún Android 8.0 sókè, tó sì fẹ́ gbé áàpù míì sórí fóònù, gbọ́dọ̀ kọ REQUEST_INSTALL_PACKAGES sínú ìwé. Xender ní ìdí tó fi nílò rẹ̀, torí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá rí i nínú géèmù tàbí nínú áàpù owó yíyá, n kì í dúró ka ìlà tó kù.